LASIK, PRK àbí SMILE? Dókítà méjì, ọ̀rọ̀ méjì, ẹ gbà mí o

Góòlì_Mínúsì6
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí orí mi ti dà rú pátápátá. Láti kékeré ni mi ò ti rí ọ̀ọ́kán, gíláàsì ni mo fi dàgbà, nígbà tó yá mo bọ́ sí kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì torí bọ́ọ̀lù, góòlì ni mo máa ń ṣọ́. Ojú ọ̀tún mi mínúsì 5.50, tòsì mínúsì 6.25 pẹ̀lú astigmatism (ojú tí kò yí roboto bó ṣe yẹ) 0.75 lórí ẹ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, nọ́ńbà yẹn ò sì yí mọ́ láti bí ọdún mélòó kan. Ó ti sú mi. Mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò fún iṣẹ́ abẹ lésà ojú tó máa jẹ́ kí n bọ́ gíláàsì sílẹ̀ (LASIK, PRK àti SMILE, irú ẹ̀ mẹ́ta ni), ibi àkọ́kọ́ ní kí n wá ṣe LASIK, pé kò sí wàhálà, pé lọ́jọ́ kejì màá ti ríran kedere. Ibi kejì wò ó, wọ́n ní rárá, kọ́níà mi (awọ iwájú ẹyinjú yẹn) ò nípọn púpọ̀, 512 máíkírọ́ọ̀nù ni (ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ ló ń jẹ́ mìlímítà kan), pé PRK ló máa bá mi mu. Ọ̀rẹ́ mi kan tún wá ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀, pé SMILE ló kù. Ojú mi tún máa ń gbẹ tí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi, ẹ má fi bò.

Màmá_Dárà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. LASIK lèmi ṣe, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ gbogbo ẹ̀ tán. Wọn ò fi oògùn kun yín lóorun o, ẹ ò sùn, oògùn kan ni wọ́n á kán sójú yín tí ojú á fi kú tipiri, wọ́n á wá fi irin kékeré kan há ìpéǹpéjú kẹ́ ẹ má baà ṣẹ́jú. Ibi tó bà mí lẹ́rù jù ni ìgbà tí wọ́n gbé òrùka kan lé ẹyinjú tó ń fà á mọ́ra, ó ń tẹ ojú, ìríran á wá ṣú biri fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Lésà àkọ́kọ́ ló ń gé fíláàpù, ìpele tín-ín-rín kan lójú kọ́níà tí wọ́n á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lésà kejì á wá ha abẹ́ ẹ̀, ẹ óò gbóòórùn bí ìgbà tí irun ń jó, ẹ má sá. Ìyẹn gan-an kì í tó ìṣẹ́jú kan fún ojú kan. Wọ́n dá fíláàpù padà sáyè ẹ̀, kò sí rírán, ó di ilé. Ó ta mí fún wákàtí mélòó kan, omi ń dà, mo sùn, ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ mò ń ka ohun tó wà lára ògiri òdìkejì láìwọ nǹkan kan sójú. Mo kígbe.

Gbígbẹ ojú yẹn ńkọ́? Hmm. Omijé àtọwọ́dá ni mo ń kán fún ọ̀pọ̀ oṣù, láàárọ̀ á dà bíi pé ìpéǹpéjú lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Iná mọ́tò lálẹ́ náà ní òrùka tó yí i ká, ó ti dínkù gan-an àmọ́ kò tíì tán pátá. Tójú yín bá ti ń gbẹ kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má sáré.

Ojú_Kedere
PRK nìyí o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, PRK dunni. Lásìkò tí wọ́n ń ṣe é, kò dun mí rárá, torí wọn ò gé fíláàpù kankan, awọ òkè pátápátá ni wọ́n ń há kúrò, lésà á wá ṣiṣẹ́ lórí kọ́níà tààrà, wọ́n á sì fi lẹ́ǹsì rírọ̀ kan bò ó kí awọ yẹn lè hù padà lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni lẹ́ǹsì yẹn sábà máa ń wà lójú. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta lẹ ó mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ò ṣe é wò, fóònù ò ṣe é wò, ó dà bíi pé wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí mi lójú, mo pa kátéènì dé mo ń gbọ́ rédíò nìkan.

Ìríran náà kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Tòní dáa, tọ̀la ṣú, ọ̀sẹ̀ ń lọ, ẹ óò máa bi ara yín pé ṣé bó ṣe máa wà nìyí. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó fìdí múlẹ̀ dáadáa. Àmọ́ nísinsìnyí tẹ́ ẹ bá kó èmi àti ẹni tó ṣe LASIK jọ ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀, kò sì sí fíláàpù kankan lójú mi tí èmi ń ṣọ́. Ìjàkadì ni mo máa ń ṣe, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Góòlì_Mínúsì6
@Ojú_Kedere ẹ ṣé gan-an. Ẹ ní kò sí fíláàpù kankan tẹ́ ẹ̀ ń ṣọ́, ṣé fíláàpù yẹn lè ṣí ni?? Bọ́ọ̀lù máa ń gbá mi lójú nígbà míì o.

Awò_Ojú
Ẹ káàsán gbogbo ilé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ni mò ń ṣe, àwa la máa ń wọn ojú kí oníṣẹ́ abẹ tó rí yín, èmi fúnra mi kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ o.

Fíláàpù àkọ́kọ́ ná. Ó máa ń lẹ̀ padà, àmọ́ etí ẹ̀ nìkan ló máa ń jinná dáadáa, àárín ẹ̀ kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣí, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn kan lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti ṣe é, tí ìka tàbí nǹkan mímú gbá wọn lójú. Ẹni tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìjàkadì, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fún un ní LASIK. Góòlì wà láàárín méjì.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ síbi 512 yẹn torí ibẹ̀ gan-an ni dókítà méjì yín ti yapa, kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Kọ́níà ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà ní nǹkan bí 540 máíkírọ́ọ̀nù. Lésà tó ń tún àìrí ọ̀ọ́kán ṣe, ńṣe ló ń ha àárín kọ́níà kó lè tẹ́ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń pàdé níwájú rẹ́tínà (awọ ẹ̀yìn inú ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀) lè bọ́ sórí rẹ́tínà gan-an. Gbogbo mínúsì 1 máa ń jẹ tó máíkírọ́ọ̀nù 12 sí 15, ó wà lọ́wọ́ bí ojú ibi tí wọ́n ń ha ṣe fẹ̀ tó. Ojú òsì yín, 6.25 àti 0.75, ẹ kà á sí 7. Ìyẹn sún mọ́ 100 máíkírọ́ọ̀nù. Tí fíláàpù bá jẹ́ 110, 512 yọ 110 yọ 100, ó ku 302. Òfin àtijọ́ ni pé ohun tó bá ṣẹ́ kù lábẹ́ ò gbọ́dọ̀ dín ní 250, ọ̀pọ̀ dókítà lónìí ń fẹ́ 300. Torí náà ibi àkọ́kọ́ wò ó wọ́n ní ó kọjá. Ṣùgbọ́n ìṣirò kejì wà tí àwọn míì ń lò, wọ́n á pa fíláàpù àti ohun tí wọ́n ha pọ̀, wọ́n á wò ó pé ìdá mélòó nínú kọ́níà ni wọ́n ti fọwọ́ kàn. 210 nínú 512 jẹ́ ìdá 41 nínú 100, tó bá ti dé 40 wọ́n máa ń fajú ro. Tí wọ́n bá sì lè gé fíláàpù ní 100 géérégé, ó bọ́ sí 39. Ṣé ẹ rí i pé ojú kan náà ni, ìṣirò ló pa wọ́n lẹ́nu dà. PRK ńkọ́? Kò sí fíláàpù, awọ òkè tí wọ́n há kúrò yẹn tó nǹkan bí 50, ó sì máa hù padà, ó máa ku tó 360 lábẹ́ ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí kọ́níà má rẹlẹ̀ lágbára kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣonṣo síwájú, bíi ti àìsàn tí wọ́n ń pè ní keratoconus. Tó bá ṣẹlẹ̀, gíláàsì gan-an lè má ràn án mọ́, wọ́n á máa fi fítámì B2 àti ìmọ́lẹ̀ UV lé kọ́níà kó má baà burú sí i. Nínípọn nìkan kọ́ ló ń fà á o, ìrísí ẹ̀ ṣe pàtàkì ju nínípọn lọ. Kọ́níà tó nípọn tí ìrísí ẹ̀ wọ́, èmi á bẹ̀rù ẹ̀ ju tín-ín-rín tó gún régé lọ. Ṣé wọ́n fún yín ní àwòrán kọ́níà yín, èyí tó ní àwọ̀ mèremère? Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ ra ojú? Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní keratoconus?

Ìbéèrè kan tún kù, òun gan-an ló sì wù mí láti bi yín jù: ìgbà wo lẹ yọ kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó lọ wọn ojú?

Góòlì_Mínúsì6
Kò sí keratoconus nílé wa tí mo mọ̀. Àwòrán wà níbi kejì, wọ́n fi hàn mí, wọn ò fún mi. Lẹ́ǹsì ńkọ́, níbi àkọ́kọ́ wọn ò sọ nǹkan kan fún mi, mo wọ̀ ọ́ débẹ̀ ni, ẹ̀nu ọ̀nà wọn ni mo ti yọ ọ́. Ibi kejì ní kí n yọ ọ́ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta ṣáájú.

Awò_Ojú
Méjèèjì ò tó. Lẹ́ǹsì ń yí ìrísí kọ́níà padà, kì í sì í padà sípò lọ́jọ́ kan. Rírọ̀, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ohun èlò ìṣègùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, líle tó ń gba atẹ́gùn wọlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibi tó bá fẹ́ fi lésà ha ojú mi tí kò bi mí léèrè lẹ́ǹsì, mo ti jáde. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kọ sókè yẹn, ẹ jẹ́ ká kà á sí àbá ná.

Aríran_Báyìí
SMILE nìyí, kí n má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé wa 😀. Lésà kan ṣoṣo ni, kò sí fíláàpù. Inú kọ́níà ni lésà ti ń gé awẹ́ tín-ín-rín kan, dókítà á wá fà á jáde láti ojú ihò kékeré kan tí kì í ju mìlímítà 2 sí 4 lọ. Ti fíláàpù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yí kọ́níà ká tán, ó máa ń tó mìlímítà 20. Ìyẹn ló fà á tí gbígbẹ ojú fi máa ń kéré sí ti LASIK lápapọ̀, torí iṣan inú kọ́níà tó ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé òun ti gbẹ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń gé dànù. Ojú tèmi ò gbẹ púpọ̀. Ìríran mi ò dé kíá bíi ti Màmá Dárà ṣá, ó kọ́kọ́ dà bíi kùrukùru fún ọjọ́ bíi mélòó kan. FDA fọwọ́ sí i lọ́dún 2016, torí náà kì í ṣe ohun àná mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pẹ́ tó PRK tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1995.

Awò_Ojú
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí @Aríran_Báyìí sọ. Kí n fi méjì kún un. SMILE sábà máa ń gé ju LASIK lọ díẹ̀ fún nọ́ńbà kan náà, tí kọ́níà ò bá nípọn, ìṣirò ẹ̀ lè má jáde. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ń sọ pé apá iwájú kọ́níà ló lágbára jù, SMILE ò sì gé ibẹ̀ púpọ̀, àlàyé yẹn mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kọ́níà ti rẹlẹ̀ lẹ́yìn SMILE náà rí, kì í ṣe ààbò pátápátá. Èkejì, tí nọ́ńbà díẹ̀ bá ṣẹ́ kù tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọn kì í sábà tún SMILE ṣe lójú kan náà, PRK ni wọ́n máa ń fi parí ẹ̀. Ẹni tó sá fún ìrora PRK lè tún pàdé ẹ̀ níwájú.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà
Àbúrò mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Èmi ti lé ní 45, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tẹ́nì kan ò tíì sọ. Tó o bá ti ń sún mọ́ ogójì, lẹ́ǹsì inú ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í le, kíkàwé nítòsí á di ìṣòro. Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán láǹfààní kan níbẹ̀, yóò kàn yọ gíláàsì, á máa kàwé lọ. Ẹni tó bá ti ṣe lésà ti ta àǹfààní yẹn nù. Èmi ṣe tèmi, ọ̀ọ́kán kedere, àmọ́ mi ò lè ka ohun tó wà lára páálí oògùn láìwá gíláàsì kíkàwé. Ọmọ mi á ní "Dádì ṣebí ẹ ti ṣe sájẹ́rì". Mo mọ̀ kí n tó ṣe é o, wọ́n sọ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọn kì í sọ fún. Ìwọ ṣì lọ́dún díẹ̀ níwájú kó tó kàn ọ́, mọ̀ ọ́n ṣáá.

Èkejì, lésà ò mú kí ẹyinjú rẹ kúrú. Ẹyinjú ẹni tó ní mínúsì púpọ̀ sábà máa ń gùn sẹ́yìn, ó ń fa rẹ́tínà tẹ́ẹ́rẹ́, iwájú nìkan ni lésà sì tún ṣe. Ewu kí rẹ́tínà ya tàbí kó ṣí kúrò láyè ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Tó o bá rí iná tó ń ṣẹ́ yẹ̀rìyẹ̀rì, tàbí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tó ṣàdédé pọ̀ lójú, tàbí tí òjìji bo apá kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o lọ, má sọ pé "mo ti ṣe lésà, ojú mi ti dáa".

Kò_Sí_Gíláàsì_Tó_Burú
Èmi ò ní ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Gíláàsì mi ò bá mi jà. Ẹ wo ìwádìí PROWL tí FDA fúnra wọn ṣe lórí LASIK: nínú àwọn tí ojú wọn ò ní wàhálà òrùka iná, àwòrán méjì-méjì àti irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó tó 46 nínú 100 tó ní ó kéré tán ọ̀kan nínú ẹ̀ lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Màmá_Dárà
@Kò_Sí_Gíláàsì_Tó_Burú ẹ ka ìyókù ẹ̀ náà fún wọn o 😂. Ìwádìí kan náà ní àwọn tó sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn kò jẹ́ káwọn lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ dáadáa ò tó 1 nínú 100, àwọn tí inú wọn sì dùn sí ìríran wọn lé ní 95. Gbígbẹ ojú náà wà ńbẹ̀, nínú àwọn tí ojú wọn ò gbẹ tẹ́lẹ̀, ó lè tó 30 nínú 100 tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lóṣù kẹta. Ìyẹn lèmi.

Kò_Sí_Gíláàsì_Tó_Burú
Ó dáa, mo gbà. Mi ò ṣe é ṣá.

Àdùkẹ́_Mínúsì11
Ẹ jọ̀ọ́ kí n gbẹ́nu sí i, torí ẹni tí mínúsì ẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀gá wa yìí lọ lè máa ka èyí. Mínúsì 11 lèmi, gbogbo lésà ni wọ́n ní kò ṣe é ṣe fún mi. ICL ni wọ́n fi sí mi lójú, lẹ́ǹsì kékeré kan tí wọ́n ń tì wọlé lẹ́yìn ibi aláwọ̀ inú ojú, níwájú lẹ́ǹsì àdámọ́. Wọn ò ha nǹkan kan lára kọ́níà, wọ́n sì lè yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ iwájú. Àmọ́ inú ojú ni wọ́n ń wọ̀, ìyẹn ti yàtọ̀ sí lésà, àkóràn inú ojú ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ ó burú, ìfúnpá inú ojú lè gòkè, kátáráàtì (kí lẹ́ǹsì inú ojú máa ṣú) lè yá ju bó ṣe yẹ lọ. Àyè tó wà láàárín kọ́níà àti lẹ́ǹsì àdámọ́ gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó lè fi sí i. Èmi fẹ́ràn tèmi gan-an, ìríran rẹ̀ mọ́ gbòò.

Ojú_Kedere
Àwọn nǹkan tí ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é rárá tàbí tó ń mú wọn dá ọjọ́ sí iwájú: oyún àti ọmọ ọmú (nọ́ńbà ojú lè máa yí), ọjọ́ orí tí kò tíì pé 18, nọ́ńbà tó ṣì ń yí lọ́dọọdún, keratoconus, àìsàn tí ara ń bá ara jà bíi lupus, oògùn ìrorẹ́ isotretinoin. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún wọn, kódà èyí tẹ́ ẹ rò pé kò kan ojú.

Àti òórùn irun tó ń jó tí Màmá Dárà sọ yẹn, ẹ jẹ́ n pa yín lẹ́rìn-ín: lésà excimer tí wọ́n fi ń ha kọ́níà, iléeṣẹ́ IBM ni wọ́n ti ṣàwárí pé ó lè gé ẹran ara láìjó o, 1981, ọ̀kan nínú wọn gbé egungun tòlótòló tó ṣẹ́ kù níbi ọdún wọn wá sẹ́nu iṣẹ́, ara ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Ọ̀gbẹ́ni Srinivasan ló ń jẹ́. Tòlótòló ló kọ́kọ́ ṣe lésà.

Góòlì_Mínúsì6
😂😂 tòlótòló ṣe é kú. Ẹ ṣé gbogbo yín. Báyìí ni mo ṣe rò ó: màá padà sí gíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ó kéré tán, màá lọ tún un wọ̀n níbi kejì, màá gbé àwòrán yẹn dání fún dókítà kẹta tí kì í ta ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Màá kọ́kọ́ tọ́jú gbígbẹ ojú yìí. Ọkàn mi ti ń lọ sí PRK torí góòlì yẹn, ìrora ọjọ́ díẹ̀ ò pa góòlì. Ohun kan ló kù tó ń bà mí lẹ́rù: wọ́n ní lẹ́yìn PRK oògùn kan wà tí wọ́n á máa kán fún oṣù púpọ̀, kí ni ti ìyẹn?

Awò_Ojú
Sitẹ́rọ́ọ̀dù ni. Ó ń dènà kí kọ́níà má ṣe funfun bí kùrukùru nígbà tó ń jinná, mínúsì tó pọ̀ bíi tiyín ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fi oògùn mitomycin nu kọ́níà díẹ̀ lẹ́yìn lésà. Oòrùn náà ń dá kún un, ẹ wọ gíláàsì dúdú tó ń dí UV láwọn oṣù àkọ́kọ́. Sitẹ́rọ́ọ̀dù yẹn ò burú tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ìfúnpá inú ojú, torí ó máa ń gbé e gòkè lára àwọn kan láìsí pé wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ torí pé ẹ ti ń ríran, ẹ má sì dédé dá a dúró fúnra yín tàbí kẹ́ ẹ máa kán an lọ nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró.

Èyí tó bá wá wù kẹ́ ẹ ṣe, ẹ gba ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú yín, nọ́ńbà gíláàsì, nínípọn kọ́níà, àwòrán yẹn, gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn lésà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ojú á máa ka á sí kékeré ju bó ṣe wà lọ torí kọ́níà ti fẹ́lẹ́, dókítà tí ò mọ̀ lè fojú fo gilokóòmà, àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́. Lọ́jọ́ ogbó tí kátáráàtì bá dé, nọ́ńbà àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi ṣírò lẹ́ǹsì tí wọ́n máa fi sí i. Ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí í-meèlì ara yín.

Góòlì_Mínúsì6
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la fún àwòrán yẹn. Màá padà wá sọ ohun tí wọ́n bá wọ̀n lẹ́yìn tí lẹ́ǹsì bá ti kúrò lójú tó.